Ìgbéyàwó Ìbílẹ̀ ní Àkànrán àti Agbègbè Rẹ̀: Ẹrù Ìdána àti Àkókò Tí Ó Wà Láàrin Ìgbésẹ̀

ÌFÁÀRÀ

Àkànrán wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ìlú Ìbàdàn. Òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989. Àwọn abúlé agbẹ̀ ni ó yí i ká, kòkó, obì, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sì ni ohun ọ̀gbìn wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbéyàwó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun kan nípa ibùgbé wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pe ara wọn. Lójú àwọn baba ńlá wọn, oko ni Àkànrán. Ilé wà ní Ìbàdàn, nínú agboolé tí olúkúlùkù ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, tí ìlú náà sì ń gbòòrò sí i, àwọn olórí ogun àti àwọn ènìyàn wọn gba ilẹ̀ oko káàkiri ẹ̀yìn odi. Aba tí wọ́n kọ́ sí oko wọ̀nyí ni ó di abúlé. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ibi tí ó ti ń ṣe ẹ̀yẹ. Ilé ni wọ́n ń gbé òkú lọ sin, ilé ni wọ́n ti ń ṣọdún, ilé náà sì ni wọ́n ti ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

Johnson, tí ó gbé ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìwé ìtàn rẹ̀ sì jáde ní 1921, pín ètò ìgbéyàwó Yorùbá sí ìpele mẹ́ta: kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìdílé ọmọbìnrin mọ̀ pé ọmọ wọn wà lọ́kàn àwọn, kí wọ́n ṣe ìṣíhùn, kí wọ́n sì wá gbé ìyàwó. Fádípẹ̀, tí ó parí iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ ní 1939, tí ìwé náà kò sì jáde títí di 1970, tú ìpele wọ̀nyí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀ lé wọn sábà máa ń to orúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn: ìfojúsóde, ìwádìí, alárinà, ìṣíhùn tàbí ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána, ìgbéyàwó. Títò bẹ́ẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́. Àlàfo wà láàrin ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Inú àlàfo wọ̀nyí gan-an ni ìdílé méjì ti ń di àna ara wọn. Bí a bá fi ètò ìgbéyàwó Àkànrán àtijọ́ wé ti òde òní, ẹrù tí ọkọ ń gbé wá kò dín kù. Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Àkókò ni ó kúrú.

ÌFOJÚSÓDE ÀTI ÌWÁDÌÍ

Ní ayé àtijọ́, òbí ni ó ń fojú sóde fún ọmọ wọn ọkùnrin. Ìyá lè rí ọmọbìnrin kan lójú ọ̀nà odò, tí ó ru omi, tí ó sì kúnlẹ̀ kí àgbà láìjẹ́ kí omi náà dànù, kí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Baba lè wo ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà. Nígbà mìíràn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń tọrọ, tí baba ọmọkùnrin á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi ìkómọjáde pé ìyàwó ọmọ òun ni wọ́n bí yìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 wà lára ohun tí ó mi àṣà yìí tìtì, nítorí pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sóde fún ara wọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 náà sì fi ọdún 18 ṣe ààlà ọjọ́ orí ìgbéyàwó. Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń rí ara wọn. Òbí ni ó ń gbọ́ gbẹ̀yìn.

Ìwádìí kò tìtorí èyí parẹ́. Ní Ìbàdàn àti ní àwọn oko rẹ̀, ìwádìí nílò ọgbọ́n púpọ̀, nítorí pé ọmọ ogun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó jọ dá ìlú náà sílẹ̀. Pé ènìyàn méjì wá láti agboolé kan náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, nítorí pé ẹrú, ìwọ̀fà, àlejò àti ọmọ ogun jọ ń gbé lábẹ́ olórí kan ni. Bẹ́ẹ̀ ni agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí ìbátan. Oríkì orílẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń tú okùn yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Oníkòyí ni ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ń ki ọmọbìnrin náà ní ọmọ Oníkòyí, wọn kò ní í kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọn á béèrè ìlú tí baba ńlá rẹ̀ ti wá, wọn á béèrè orúkọ ilé, wọn á sì béèrè èèwọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́. Ìgbà tí ohun mẹ́ta wọ̀nyí bá papọ̀ ni wọ́n tó gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Iṣẹ́ àgbà obìnrin ni èyí pọ̀ jù, àwọn ni oríkì wà lẹ́nu wọn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Wọ́n ń wádìí ẹ̀tẹ̀, wárápá àti wèrè. Wọ́n ń wádìí olè àti gbèsè. Wọ́n tún ń béèrè bóyá wọ́n máa ń sin ọmọ nínú ilé náà, èyí tí í ṣe ìwádìí àbíkú. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó ń fa irú ikú bẹ́ẹ̀, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí méjì irú wọn bá fẹ́ ara wọn, ẹ̀rù wà fún ọmọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìjọ Kristi àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí kan kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ ìyàwó láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ka ìwé àyẹ̀wò yìí sí àṣà àjèjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè ìyá àgbà nípa ọmọ tí wọ́n ń sin ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan Ifá. Babaláwo á dá a. Ní ilé Mùsùlùmí, àlùfáà lè tẹ yanrìn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi á sì gbàdúrà, wọ́n lè lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé Ifá tí kò fọre jẹ́ ọ̀nà tí ìdílé méjèèjì lè gbà yẹra láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni. Ìdílé tí ó ti rí àbùkù kan nínú ìwádìí, tí kò sì fẹ́ pe àbùkù náà lórúkọ, á ránṣẹ́ pé Ifá kò gbà. Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí kò ní í béèrè odù tí ó jáde. Ọ̀rẹ́ baba kò sì ní í bàjẹ́.

ALÁRINÀ

Òwe sọ pé bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán, alárinà á yẹba. Òwe yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú ẹni tí ń gbé létà kiri wo alárinà. Ní ti òtítọ́, ipò rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìdílé méjèèjì mọ̀ ni. Ó lè jẹ́ ìyàwó ilé tí wọ́n bí ní agboolé ọmọbìnrin tí ó sì lọ́kọ sí agboolé ọmọkùnrin. Irú èyí ni ó dára jù, nítorí pé ọmọ ni ó jẹ́ lọ́hùn-ún, aya ni ó sì jẹ́ níhìn-ín. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tí ó ń gbé e bọ̀, tí ó ń rọ ohun tí ó le, tí ó sì ń gbé èyí tí kò ṣe é sọ mì. Ọkọ àfẹ́sọ́nà kò gbọdọ̀ máa lọ sí ilé àna ní ìgbà gbogbo. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ọmọbìnrin á sá pamọ́, tàbí kí ó fi ìborùn bojú. Ẹnu alárinà ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn ara wọn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin wọn, ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Ó mọ iye tí wọ́n san, ọjọ́ tí wọ́n san án, àti ẹni tí ó gba owó náà. Ó mọ iye isu tí ó wọlé lọ́dún kìn-ín-ní àti èyí tí ó wọlé lọ́dún kẹta. Nígbà tí ìwé kò tí ì pọ̀ nílùú, inú rẹ̀ ni ìwé wà. Ó lè yẹba lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjà bá dé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ pè.

ÌṢÍHÙN ÀTI ỌDÚN IṢẸ́ ÀNA

Ìṣíhùn ni ọjọ́ tí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ lanu sọ pé òun gbà. Orúkọ náà fi ohun tí ó jẹ́ hàn: ó ṣí ohùn rẹ̀. Owó tí wọ́n ń san lọ́jọ́ náà ni owó ìṣíhùn. Ohùn ọmọbìnrin lè jẹ́ ohùn tí òbí ti kọ́ ọ, kò sì sí ìdí láti ṣe bí ẹni pé gbogbo ọmọbìnrin ni ó ní agbára láti kọ̀. Síbẹ̀, pé wọ́n ní láti béèrè, tí wọ́n sì ní láti gbọ́ ọ níwájú ẹlẹ́rìí, jẹ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì.

Láti ọjọ́ ìṣíhùn ni iṣẹ́ àna ti bẹ̀rẹ̀. Bí isu tuntun bá jáde, ọkọ àfẹ́sọ́nà á di isu ránṣẹ́ sí ilé àna. Bí òkú bá kú ní ilé àna, á gbé ìgbá obì àti ẹ̀bùn lọ. Ní ìgbà iṣẹ́ oko, á be ọ̀wẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á jí lọ sí oko baba ìyàwó, wọn á ṣán igbó, wọn á kọ ebè, tàbí kí wọ́n lọ tún òrùlé tí koríko rẹ̀ ti gbó ṣe. Ìyá ọmọbìnrin á se oúnjẹ fún wọn. Ẹni tí ó bá jẹun jù bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, wọn á rí i. Ọkọ tí kò lè kó ẹgbẹ́ jọ, wọn á mọ̀ pé kò rìn dáadáa láàrin àwọn ojúgbà rẹ̀. Òun náà kò dijú. Ó ń wo bí ìyá ọmọbìnrin ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń wo bí ilé náà ṣe ń pín ẹran. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú ìbágbé bẹ́ẹ̀, kò sí ìwádìí tí ó lè ṣe é.

Bí ọ̀ràn bá yí padà ní àkókò yìí, ọ̀nà àbáyọ wà. Bí ilé ọmọbìnrin bá kọ̀, wọn á ṣírò ohun tí wọ́n ti gbà, wọn á sì dá a padà. Bí ọkùnrin bá kọ̀, ohun tí ó ti ná ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹ̀yà Malay ní orílẹ̀-èdè Màléṣíà, tí wọ́n jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n sì jẹ́ Mùsùlùmí bíi ọ̀pọ̀ ará Àkànrán, ní irú ìlànà yìí. Àwọn àgbà ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní merisik. Wọn á wí lówelówe pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà, ṣé ẹnikẹ́ni ti já a? Ẹni tí ó bá ti dé ibi ìdána ní Ìbàdàn rí á rẹ́rìn-ín, nítorí pé òdòdó inú ọgbà kan náà ni àwọn ará ilé ọkọ máa ń sọ pé àwọn wá já. Lẹ́yìn èyí ni bertunang, àdéhùn tí wọ́n ń dá ọjọ́ fún. Nínú àṣà wọn, bí ọkùnrin bá yẹ àdéhùn, ó pàdánù ẹ̀bùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìlọ́po méjì ni ilé rẹ̀ á dá padà. Ó hàn pé ibi gbogbo tí ìgbéyàwó bá ti jẹ́ ti ìdílé, wọ́n máa ń fi àkókò kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè fi yí ọkàn padà, wọ́n sì máa ń dá iye lé e.

KÒKÓ ÀTI OWÓ

Kòkó ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ètò yìí. Ọ̀pọ̀ agbẹ̀ ní oko Ìbàdàn ti gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣáájú rẹ̀, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń dána, wọ́n sì ń fi ọ̀kẹ́ ka èyí tí ó pọ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ. Owó tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, baba rẹ̀ ni ó ń wá a, nígbà mìíràn nípa fífi ọmọ tàbí ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Nígbà tí kòkó dé, ọ̀dọ́ tí ó bá ní oko tirẹ̀ lè fi owó ọwọ́ rẹ̀ dípò iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Àna kò kọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn náà ní oko kòkó tí wọ́n nílò owó láti fi gba lébìrà. Díẹ̀díẹ̀, ọdún iṣẹ́ di owó. Owó kò sì nílò ọdún mẹ́ta kí ó tó wọlé. Ìkórè kan tó.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé ìgbéyàwó di ohun ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn oṣù kẹwàá sí ìkejìlá tí wọ́n máa ń ká kòkó jù. Ohun mìíràn tún tẹ̀ lé e: bí owó kòkó bá lọ sílẹ̀, ìgbéyàwó á sún síwájú, tàbí kí wọ́n fi oko dógò. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn Agbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, èyí tí orúkọ Àkànrán àti ti Táfà Adéoyè kò kúrò nínú rẹ̀, máa ń sọ̀rọ̀ owó orí tí ìjọba ń gbà àti iye tí wọ́n ń ra kòkó. Ó yẹ kí wọ́n rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà, owó orí, ni Yorùbá ń pe èyí tí ọkọ ń san lórí ìyàwó, àti pé àpò kòkó kan náà ni méjèèjì ti ń jáde.

ÌDÁNA

Lára ohun ìdána, obì, orógbó àti ataare ni àgbà. Iye tí wọ́n sábà ń kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni 42, bẹ́ẹ̀ náà ni isu. Oyin, ìrèké, iyọ̀, epo pupa, aádùn àti ẹja gbígbẹ á tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ wọn kò fara sin. Ohun dídùn ni oyin àti ìrèké. Gbígbó ni wọ́n ń gbọ́ nínú orógbó. Ataare kún fún hóró bí ilé tí ó kún fún ọmọ. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Gbànja aláwẹ́ méjì wà nínú oko agbègbè náà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò òkè Ọya, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e dána. Ohun tí a kò lè bù fún ilé méjèèjì, fún àwọn àgbà àti fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò yẹ ní àárín ẹbí.

Iṣẹ́ tí obì ń ṣe níbí, ewé sirih ni ó ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ará Malay. Àwo ewé náà ni ó ń ṣáájú ẹrù mìíràn lọ sí ilé ìyàwó. Kì í ṣe iyebíye rẹ̀ ni ó mú un ṣáájú. Ohun tí ènìyàn méjì lè jọ jẹ lójú kan náà ni.

Láàrin ìdílé, wọ́n ń pín ohun ìdána dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jìnnà. Ẹni tí ó bá jẹ nínú obì náà ti gbọ́ pé ọmọ ilé àwọn ti lọ́kọ, ó sì ti di ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà tí ó wà ní abúlé mìíràn fi máa ń bínú bí obì tirẹ̀ kò bá dé. Kò bínú nítorí obì. Wọ́n ti ṣe é ní ẹni tí kò mọ̀.

ỌJỌ́ ÌGBÉYÀWÓ

Ọmọbìnrin tí ó ń gbé oko pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ á ti wọ Ìbàdàn ṣáájú ọjọ́ náà, sí agboolé baba rẹ̀. Ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́ bíi Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹkún ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó, gbilẹ̀ púpọ̀: ìyàwó á máa sun ún láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á sì máa tọrọ àdúrà wọn. Ẹkún yìí kì í ṣe ẹ̀yẹ lásán. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ọmọbìnrin lè dúró níwájú gbogbo ilé, kí ó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, kí àgbà sì jókòó gbọ́.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kristi ti fi tiwọn kún un. Láti ìgbà tí Hinderer ti dé Ìbàdàn ní 1853 tí ó sì fi Kúdẹtì ṣe ibùdó ni àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ti ń mú òrùka bọ ètò náà. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, yìgì ni wọ́n ń so: àlùfáà, aṣojú ìyàwó, ẹlẹ́rìí àti sàdáàkì, èyí tí í ṣe ti ìyàwó fúnra rẹ̀ tí baba kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ń fi làálì sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àmàríyà. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tún mú wòlímọ̀ ní pàtàkì, níbi tí ọmọbìnrin ti ń ka Kùráánì létí gbogbo ènìyàn kí ó tó lọ sílé ọkọ. Àwọn ará Malay náà ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ń fi làálì kan náà sí ọwọ́ ìyàwó.

Alẹ́ ni wọ́n ń sin ìyàwó lọ. Wọ́n á fà á lé olórí ẹbí lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ kò gbọdọ̀ sí nílé nígbà tí ìyàwó bá dé. Wọ́n á fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyálé ilé ni yóò gbà á wọlé. Láti ọjọ́ kejì, ó ní láti fún àwọn ọmọ ilé tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà tí ó dé ní orúkọ mìíràn, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, títí kan ọmọ ọdún méjì. Ìbàdíàrán, Ẹ̀yínfúnjowó àti irú wọn ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ọkọ á tó mú un lọ sí oko.

ÌDÁNA ÒDE ÒNÍ

Ètò tí a ṣàlàyé yìí ti di ti ọjọ́ kan. Ìtọrọ, ìṣíhùn, ìdána àti ìfàlélọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé lábẹ́ àtíbàbà, kí ó tó di pé wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn fún àríyá. Ní ogún ọdún tí ó kẹ́yìn ọ̀rúndún ogún ni ipò alága ìjókòó àti alága ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í di iṣẹ́ òòjọ́. Obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ fún ilé ìyàwó, èkejì ń sọ̀rọ̀ fún ilé ọkọ. Wọ́n gbọ́n, wọ́n lórin, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ àna láìbí i nínú: owó ìṣílẹ̀kùn, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìkàwé, owó ìṣíjú ìyàwó. Ọmọkùnrin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún un ṣe bí alága kò bá gbà á. Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ni ó kù nínú iṣẹ́ ọ̀wẹ̀. Ẹgbẹ́ ṣì ní láti péjọ, ara sì ní láti kan ilẹ̀ ní ilé àna.

Kò tọ́ kí a bú alága. Ìdílé tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun kò lè lo ọdún mẹ́ta lórí ètò kan, wọ́n sì nílò ẹni tí ó mọ ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe alága, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò ní í mọ ìdí tí orógbó fi wà lórí ẹní. Àṣà náà ń bẹ láàyè lẹ́nu wọn. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé alága kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ń so pọ̀. Orúkọ wọn wà lórí bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, á wà ní ìdí ẹní mìíràn. Ìbéèrè ìṣíhùn ṣì wà: á ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo nínú ẹrù tí ó wà nílẹ̀, ìyàwó á sì mú Bíbélì tàbí Kùráánì tí wọ́n so òrùka mọ́, ijó á bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó lè kọ̀ ní wákàtí náà, nígbà tí ìrẹsì ti jinná tí aṣọ ẹbí sì ti wà lára gbogbo ènìyàn?

NÍGBÀ TÍ Ọ̀RÀN BÁ DÉ KÓÒTÙ

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí ó bá tú ká, kóòtù ìbílẹ̀ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ti Mápó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù ní Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó olófin ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ń lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ìbéèrè tí kóòtù ìbílẹ̀ máa ń béèrè rọrùn: ṣé wọ́n san owó orí? Ta ni ó san án? Ta ni ó gbà á? Ta ni ó wà níbẹ̀? Láyé alárinà, ìdáhùn wà nínú ẹnu kan. Ó lè dúró kí ó ka gbogbo rẹ̀, láti ìdì isu àkọ́kọ́ títí dé alẹ́ ìgbéyàwó, kí ó sì fi kún un pé òun ti lọ parí ìjà wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni kò dé kóòtù rárá nítorí rẹ̀.

Lóde òní, fídíò ni wọ́n ń gbé wá. Fídíò á fi ijó hàn, á fi ẹrù hàn, á sì fi owó orí hàn nínú àpò ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn ni ó máa ń dá owó orí padà lójú ẹsẹ̀, tí baba á ní àwọn kò ta ọmọ, kí ọkọ máa fi tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Bí ìjà bá dé, ọ̀kan lè sọ pé wọ́n san owó orí, èkejì á ní wọn kò gbà á. Àwọn àgbà tí ó mọ ìdí abájọ kì í jẹ́ kí owó náà padà bẹ́ẹ̀. Baba á kọ́kọ́ gbà á, á kà á, á fi han àwọn ẹbí, á sì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ owó kékeré kan, kí ó tó dá èyí tí ó kù padà. Díẹ̀ tí ó yọ yẹn ni wọ́n á fi ra obì, wọ́n á sì pín in kiri ilé, dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí kò lè wá sí abẹ́ àtíbàbà.